Iṣẹ́ Ọkọ̀ Tí Garam Kò Fẹ́ Kó Parí

Garam fẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ó ń fi sáńpépà ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára rẹ̀. Eruku ti kún irun àti ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ ha á títí wàá fi yọ sí mi nínú ọkọ̀ ni?" Bàbá Deokpal bi í láti òkè.

"Ẹ̀yin náà lẹ ní ọ̀dà tuntun kì í lẹ̀ mọ́ ìdọ̀tí."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní kó o lu ú."

Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n ìyá Garam ni Bàbá Deokpal. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ló ti ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Tongyeong, ìlú kan létí òkun ní ilẹ̀ Kòríà. Bàbá Garam ń ṣiṣẹ́ lójú òkun, ìyá rẹ̀ sì ń yọ ìṣáwùrú òkun kúrò nínú ìkarawun láti àárọ̀ dalẹ́. Ọkọ̀ onígbòkun àlòkù tí ẹnì kan pa tì sí èbúté ló sọ àgbà àti ọmọ di ọ̀rẹ́. Wọ́n ti pààrọ̀ pákó tó jẹrà, wọ́n ti ran ìgbòkun tó ya, wọ́n sì ti gbé pátákó tó ń fi oòrùn ṣe iná sórí rẹ̀. Bí Garam bá ti kúrò nílé ìwé, ibẹ̀ ló ń gbà lọ.

Ohun kan ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Bí ọkọ̀ bá parí, Bàbá Deokpal yóò wà á lọ sí erékùṣù Jeju, níbi tí wọ́n ti bí ìyàwó rẹ̀, yóò sì máa gbé ibẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ de ìtọ́kọ̀, pátákó tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀, mọ́ ìdí ọkọ̀, ọ̀pá idẹ kékeré tó máa gbé e dúró wà lórí àga. Irú rẹ̀ kò sí lọ́jà mọ́. Bàbá kọ̀yìn, Garam sì sọ ọ́ sínú àpò ìwé rẹ̀. Ó kàn fẹ́ kí iṣẹ́ náà fà díẹ̀ sí i ni.

Bàbá tú àpótí irinṣẹ́, ó wo abẹ́ àga. "Ibí yìí ni mo gbé e sí," ó wí. "Àbí ibí kọ́?"

"Bóyá ẹ gbé e síbòmíì, ẹ wá gbàgbé."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Láti ọjọ́ náà, Bàbá kò lọ sí èbúté mọ́. Ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á máa ka orúkọ àwọn ará ilé sábẹ́ ètè. Nígbà tó yá, bí wọ́n ṣe ń jẹun, ó kọjú sí àbúrò rẹ̀.

"Ìyá Garam, ṣé o rántí bí àrùn ìgbàgbé ṣe bẹ̀rẹ̀ lára Bàbá wa? Kọ́kọ́rọ́ ló kọ́kọ́ ń wá. Nígbà tó yá, kò mọ̀ wá mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Màá ta ọkọ̀ yẹn. Ẹni tórí ẹ̀ ò pé kì í dá wọ òkun."

Garam gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀. Ohun tó ń wá ti bọ́ sí i lọ́wọ́: Bàbá kò ní lọ mọ́. Ṣùgbọ́n ó wo ojú Bàbá, ó rí i pé ara rẹ̀ gan-an ló ń bẹ̀rù. Ó dìde, ó mú ọ̀pá idẹ náà wá, ó kúnlẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Èmi ni mo mú un. Orí yín pé. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ lọ ni."

Bàbá gbé ọ̀pá náà, ó ń yí i lọ́wọ́.

"Ojoojúmọ́ ni mò ń ka orúkọ yín, kí n má baà gbàgbé." Omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Inú ń bí mi sí ẹ, Garam."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Màá dárí jì ẹ́. Jẹ́ n bínú tán ná."

Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni kò fi pè é sí èbúté. Garam kò bẹ̀bẹ̀ mọ́, ó ń ṣe iṣẹ́ ilé rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá yọjú sí i. "Ìtọ́kọ̀ yẹn wúwo. Wá bá mi gbé e."

Ọkọ̀ parí kí ìgbà òtútù tó dé. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Bàbá ń lọ, Garam fúnra rẹ̀ ló tú okùn tó so ọkọ̀ mọ́ èbúté. Ẹkún ń gbọ̀n ọ́n, síbẹ̀ kò fa okùn náà sẹ́yìn. Ó ti wá mọ̀ pé a kì í fi ẹ̀tàn so ẹni tí a fẹ́ràn mọ́lẹ̀, nítorí irọ́ tó dà bí eré lẹ́nu wa lè di ẹrù tí yóò wọ ẹlòmíì lọ́rùn. Ká ní ó ti sọ fún Bàbá pé, "Ó máa dùn mí tẹ́ ẹ bá lọ," ọ̀rọ̀ náà ì bá ti tán síbẹ̀.