Àlàfo Ojú Ewé Kẹta

Ọjọ́ àjọ̀dún àwọn òṣìṣẹ́ ni, èrò kún gbàgede Buenos Aires fọ́fọ́, nígbà tí ojú Lautaro ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti ọkùnrin gíga kan tó na ìwé ìròyìn sókè bí ẹni gbé àtùpà. Àwọn èèyàn ń tì wọ́n síwá sẹ́yìn, síbẹ̀ kò sẹ́ni nínú àwọn méjèèjì tó kọ́kọ́ gbójú kúrò.

Anselmo Quiroga nìyẹn, oníròyìn àkọ́kọ́ nílùú náà tó fi orúkọ ara rẹ̀ kọ ọ́ síta pé ọkùnrin ẹgbẹ́ òun lòun ń fẹ́. Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, ló bá dá ìwé ìròyìn kékeré tirẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé sì ni Lautaro ń ṣe. Òun ló wá ń to ábídí òjé tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ìròyìn náà sínú férémù. Kí òtútù tó dé, yàrá kan ni wọ́n ń sùn, ife tíì máté kan ni wọ́n ń mu.

Àmọ́ àwọn ọkùnrin ń kọ lẹ́tà sí Anselmo láti ibi gbogbo, láìfi orúkọ sí i nítorí ìbẹ̀rù, ó sì ń tẹ̀ wọ́n sójú ewé kẹta. Dókítà kan ní Rosario, tó ń pe ara rẹ̀ ní G., ló wá burú jù. Ìka Lautaro ló sì ń to ọ̀rọ̀ dídùn ẹlòmíì: “Anselmo mi, ìwọ lo jẹ́ kí n rí oorun sùn.”

“Owú ń jẹ ọ́, olówó orí mi,” Anselmo a máa rẹ́rìn-ín.

“Owú ta ni? G. tí ò lójú, tí ò nímú?”

“Kọ tìrẹ náà nígbà náà. Ìwọ tó ń sùn tì mí nìkan ni ò tíì kọ.”

Lautaro padà sídìí férémù rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní Tucumán ṣì ń wá ìyàwó fún un.

Nígbà tí dókítà kọ̀wé pé òun ń bọ̀ wá rí Anselmo lójúkojú, Lautaro yọ lẹ́tà náà kúrò nínú férémù, ó da òjé rẹ̀ nù. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé ife máté padà fún Anselmo, ó ní, “O ṣé.” Nílẹ̀ wọn, ẹni tó bá dúpẹ́ bó ṣe ń dá ife padà kò mu mọ́ nìyẹn. Ojú Anselmo ṣú.

Kò mọ ohun tó fà á àfi ìgbà tó rí àlàfo funfun lójú ewé kẹta. “Kí ló dé tóo yọ ọ́? Ọkùnrin yẹn ò níbòmíì tó ti lè sọ̀rọ̀.”

“Gbogbo ayé ló ń rí ọ pín. Kí ló kù fún mi?”

“Ohun tóo bá lè sọ síta pé tìrẹ ni.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Lautaro lára. Ó tún lẹ́tà dókítà tò, kò dín ọ̀rọ̀ kan, àmọ́ ábídí tó kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ló lò, àyè sì ṣẹ́ kù lábẹ́ rẹ̀. Ó fọ tàdáwà ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó, ó kọ̀wé.

“Kí ni ká fi sísàlẹ̀ ẹ̀?” ni Anselmo bi í. “L. lásán?”

“Lautaro Maidana. Bí ìyá mi ṣe sọ mí.”

“Wọ́n máa rí i o.”

“Kí wọ́n rí i. Kí dókítà Rosario náà rí i. Bu máté fún mi.”

Anselmo bu ú, ó nà án sí i. Lautaro fi ọwọ́ kan gba ife náà, ó fi èkejì gbé lẹ́tà rẹ̀ lé e lọ́wọ́.