Wọ́n Yọ Ti Ọ̀fun, Ó Ku Ti Ọkàn

Ẹnu-Ayùn ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pe ọ̀gá wọn lẹ́yìn. Òun ló ni ilé ìlagi kan, níbi tí ariwo ẹ̀rọ kì í ti í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá yìí bá ń bú èèyàn, kò sí ayùn tó lè bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Kì í mutí. Kì í fa sìgá. Kì í tẹ̀ lé obìnrin kiri. Ìdí nìyẹn tó fi rò pé òun kì í ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bí ìyàwó rẹ̀ bá gbọ́ ìró ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́nu géètì, àyà rẹ̀ á já, àwọn ọmọ á sì sá wọ yàrá.

Lọ́jọ́ kan, ayùn gé ìka méjì lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń ti gẹdú sẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sórí èérún pákó. Kí ni ọ̀gá sọ?

"Ọ̀lẹ! O ń sùn lẹ́nu iṣẹ́! Gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ kúrò lórí pákó mi!"

Ó lé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Kò bẹ̀ ẹ́ wò títí ọgbẹ́ fi jinná. Ìwà ìkà ni. N kò ní fi ewé bò ó.

Nígbà tó yá, ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dun ọ̀gá. Ó ní eruku pákó ni. Ó mu omi gbígbóná, ó lá oyin, ìrora náà sì gun etí lọ. Ọjọ́ tó tutọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá a jáde ni ìyàwó rẹ̀ fi ẹkún bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà láti lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà obìnrin kan yẹ ọ̀fun náà wò, ó gé díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò, èsì sì dé.

"Bàbá, jẹjẹrẹ ni. Ẹ̀bá bélubèlu yín ló wà, lókè ọ̀fun."

Ọ̀gá fò dìde. "Jẹjẹrẹ kẹ̀? Èmi tí n kì í fa sìgá? Ìwọ ọmọ àná yìí, ta ló kọ́ ọ níṣẹ́?"

"Ẹ jókòó, sà," ni dókítà wí. "Ó ṣì kéré. Tẹ́lẹ̀, à bá la ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín kí ọwọ́ wa tó tó o. Ní báyìí, ẹnu la máa gbà wọlé. Irinṣẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, pẹ̀lú kámẹ́rà tín-ín-tín. Ẹ ò ní ní àpá lójú."

Ó gbà, ṣùgbọ́n tìbínú-tìbínú. Ó ń bínú sí dókítà, ó ń bínú sí ìyàwó rẹ̀, ó sì ń bínú sí Ọlọ́run jù lọ. "Àwọn ìkà kún ilẹ̀ yìí," ló ń wí, "èmi ni jẹjẹrẹ wá rí bù jẹ!"

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Wọ́n yọ kókó jẹjẹrẹ náà gba ẹnu, wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ imú rẹ̀ kí oúnjẹ olómi máa gbà á wọlé, wọ́n sì ní kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ rárá fúngbà díẹ̀. Nọ́ọ̀sì fún un ní bébà àti bírò kó máa fi kọ ohun tó bá fẹ́.

Ẹ wá wo nǹkan! Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ìyàwó rẹ̀ ta omi díẹ̀ sórí ibùsùn, ọ̀gá gba bírò, ó kọ ọ́ gàdàgbà: ÒMÙGỌ̀. Ìgbálẹ̀ kan bàtà rẹ̀, ó kọ ọ́ sí obìnrin tó ń gbálẹ̀: OLÓRÍBURÚKÚ.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ọkùnrin tí ayùn gé níka wọlé. Ó kí ìyàwó ọ̀gá, ó rí bébà náà lórí ibùsùn, ó sì kà á.

"Ọ̀gá," ó ní, "n kò wá ṣe ojú ayé. Inú yín ń bí mi. Nígbà tí mo gbọ́ àìsàn yín, inú mi kọ́kọ́ dùn. Jésù Olúwa mi ló bá mi wí, tó ní kí n wá. Mo bá a jiyàn títí, mi ò borí rẹ̀."

Ọ̀gá kọ ọ́: JÁDE.

"N ó jáde. Mi ò sọ pé ẹ̀san ìka mi ni àìsàn yìí. Ṣùgbọ́n ẹ wo bébà yìí ná! Wọ́n ti ọ̀nà ẹnu pa, èébú gba ọwọ́ jáde. Ṣé ọ̀fun ló ń bú èèyàn látọjọ́ yìí ni? Dókítà ti yọ tọ̀fun. Tọkàn ńkọ́? Abẹ wo ló fẹ́ débẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ Jésù nìkan ló lè wẹ ibẹ̀ mọ́, ọ̀gá!"

Ó ti ilẹ̀kùn gbàà, ó lọ.

Ọ̀gá tún mú bírò, ó fẹ́ kọ èébú mìíràn. Ìyàwó rẹ̀, tí kì í gbin, já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó tó gẹ́ẹ́, bàbá àwọn ọmọ! Láti ìgbà tí ẹ ti wà níbí, àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín nílé. Ṣé ẹ gbọ́? Wọ́n ń rẹ́rìn-ín torí pé ẹ ò sí nílé!"

Ọ̀rọ̀ náà gún un ju abẹ lọ. Ó wo bébà náà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló kọ ọ́, kò rí ẹni tó lè tì í sí lọ́rùn. Ó rí i pé ìkà tí òun ń wá kiri, òun gan-an ni. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó gba bírò padà, ó kọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: Bá mi pè é.

Obìnrin náà sáré, ó bá ọkùnrin yìí lórí àtẹ̀gùn. Ọkùnrin náà padà wá, ojú rẹ̀ ṣì le. Ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn.

"Ẹ ò lè sọ̀rọ̀, ọ̀gá, ṣùgbọ́n Jésù ń gbọ́ ti ọkàn. Ẹ jẹ́wọ́ fún un. Ẹ ní kó gbà yín."

Ètè ọ̀gá kò mì, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún Jésù nínú ọkàn. Nígbà tó ṣe, ó di ọwọ́ tí ìka rẹ̀ kò pé náà mú, ó fi bo ojú ara rẹ̀, ó sì sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, tó há díẹ̀, ó lọ sí ilé ìlagi, ó pa ẹ̀rọ, ó kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ, ó bẹ̀ wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn pòṣé, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀gá kò bú u. Ó bẹ ọkùnrin tó wàásù fún un pé kó padà síṣẹ́. Ìyẹn ní, "Mo ti dárí jì yín, ọ̀gá, ṣùgbọ́n n kò ní dúró níwájú ayùn mọ́." Ọ̀gá tẹrí ba. Títí di báyìí, ìbínú ṣì ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé náà ti ní Olúwa mìíràn.

Ìwọ ńkọ́, ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí? Má fi ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín. O kì í jalè, o ń lọ sílé ìsìn, ó dáa. Ta ló ń sunkún nínú ilé rẹ nítorí rẹ? Inú ń bí mi bí mo ti ń kọ ọ́, nítorí Olùgbàlà kú fún ọ, o sì ń fi ikú rẹ̀ ṣeré. Má dúró dìgbà tí wọ́n bá tẹ́ ọ sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀ ló ń dìde. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà. Jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ fún Jésù láìdárúkọ ẹlòmíràn mọ́ ọn. Tí o bá dìde, lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀. Lónìí ni mo wí.