Ẹ̀jẹ̀ Etí Láwàl

Ẹ̀jẹ̀ ni Hàjàrá kọ́kọ́ rí, kó tó rí ọkùnrin.

Létí odò Àsà ni, lọ́dún tí ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ wọ Ìlọrin. Ìkòkò tuntun tó ń fọ̀ ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó rì sínú ibú. Kò tíì pariwo tán tí apẹja kan, Láwàl, bẹ́ sódò. Nígbà tó yọrí, ìkòkò wà láyà rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán létí rẹ̀.

"Subuhanallahi! Ẹ̀jẹ̀!"

"Ìkòkò nìyí," Láwàl fèsì, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìkòkò rèé, ẹ̀jẹ̀ rèé. Èwo lo fẹ́ gbà?"

"Ẹ̀yin yìí! Ẹ̀jẹ̀ ń dà, ẹ̀fẹ̀ lẹ̀ ń ṣe!"

Láti ọjọ́ náà, kò sí ìkòkò Hàjàrá tí kì í fẹ́ fífọ̀. Láwàl á sì máa kì í:

"Àbẹ̀ní, ọmọ amọ̀ tútù tí í dohun iyì nínú iná,
Ọmọ a-mọ-ìkòkò-má-gbàgbé-ọmọrí."

Orí Hàjàrá á wú.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ará ilé Láwàl wá tọrọ rẹ̀, Alfa Abdulmumini, bàbá Hàjàrá tó ń kó obì lọ ilẹ̀ Bàúchí, fò dìde.

"Ẹni tí etí rẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀ lábẹ́ omi? Àlùjànnú ló gbá a! Ọmọ mi kò ní wọ ilé tí àlùjànnú ti mọ̀."

Ẹnu ya gbogbo ilé. Ìfura loògùn àgbà, àmọ́ oògùn tó bá pọ̀ jù a máa di májèlé.

Hàjàrá sunkún dé odò.

"Kò sẹ́ni tó gbá mi," Láwàl ní. "Omi wúwo, Àbẹ̀ní. Bí mo ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni omi orí mi ń pọ̀ sí i, tó ń tẹ̀ mí. Bí mo bá di imú, tí mo fẹ́ atẹ́gùn sínú, etí á là. Ọ̀fìnkìn ni kò jẹ́ kó là lọ́jọ́ náà."

Hàjàrá nu ojú. Ọmọ amọ̀kòkò ni; ó mọ bí wọ́n ṣe ń bi amọ̀ léèrè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bẹ bàbá rẹ̀ wá sódò. Ó fi ẹfun tútù kun inú ìkòkò méjì. Láwàl da ojú wọn dé, ó so òkúta mọ́ wọn, ó ri ọ̀kan díẹ̀ sómi, ó ri èkejì dé ìsàlẹ̀ ibú. Nígbà tí wọ́n fà wọ́n sókè, ètè ìkòkò àkọ́kọ́ nìkan ni omi ti fọ ẹfun kúrò. Ti ìsàlẹ̀ ibú, omi ti gùn ún dé ikùn.

"Bàbá, omi ló fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀," Hàjàrá ní.

"Ìkòkò kì í ṣe etí!"

Láwàl lóṣòó. "Bàbá, bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè Bàúchí, ṣé etí yín kì í dí?"

Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ Alfa.

"Ta ló sọ fún ọ?"

Alfa kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, ìyàwó rẹ̀ gan-an kò gbọ́. Bó bá ti ń sọ̀kalẹ̀, etí rẹ̀ á dí, á máa ka Ayatul Kursiyyu, á gbé itọ́ mì, etí á là, pọ̀ọ̀! Ó ti gbà pé àlùjànnú òkè ti sàmì sí òun.

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Mo rò pé afẹ́fẹ́ náà wúwo, Bàbá," Láwàl ní jẹ́jẹ́. "Ó fúyẹ́ lókè, ó wúwo nísàlẹ̀, bí omi."

Alfa jókòó sórí iyanrìn. "Láhaola! Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń bẹ Ọlọ́hun nítorí ohun tí itọ́ lásán ń ṣí!" Ẹ̀rín gbé e, omijé sì tẹ̀ lé e. "Ìwọ ọmọ yìí, má wọ odò tòun ti ọ̀fìnkìn mọ́. N kò bí ọmọ mi fún opó ṣíṣe."

Lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì, ìkòkò ọjọ́sí wà lára ẹrù ìyàwó. Láwàl tẹ̀ sí etí Hàjàrá.

"Àbẹ̀ní, o kò tíì dá mi lóhùn. Èwo lo gbà?"

"Ẹ gbé ìkòkò sílẹ̀," ó dáhùn. "Ẹni tó gbé e wá ni mo gbà."