Àwọn Tó Tọ́ka sí Ọ̀jọ̀gbọ́n

Òórùn bílíìṣì ló kọ́kọ́ kí gbogbo ẹni tó wọ yàrá ìwádìí náà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ilẹ̀kùn fìríìsà ńlá ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹnì kan ti tú gbogbo sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ń ṣe ìwádìí dà sínú síǹkì, ó sì ti fi bílíìṣì fọ àwọn ìgò wọn mọ́ tónítóní.

"Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni! Ẹ lọ mú un!" Ọ̀jọ̀gbọ́n ń pariwo mọ́ obìnrin ọlọ́pàá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. "Lọ́jọ́ Ẹtì la jà. Ìwádìí tí ẹgbàajì èèyàn ti tọ́ka sí nínú ìwé wọn ló bà jẹ́ yẹn!"

Ìyá Ìbéèrè ni wọ́n ń pe ọ̀gá ọlọ́pàá yìí, torí bó bá kí ọ káàárọ̀, ìbéèrè ló máa fi tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélẹ̀. Ó yí fìríìsà po, ó gbóòórùn síǹkì, ó tún padà sídìí fìríìsà.

"Ṣé ibí nìkan lẹ ń kó wọn sí, sà?"

"Ibí nìkan."

Ọkùnrin náà ń bínú lóòótọ́, àmọ́ kò jọ ẹni tí òfò ṣe.

Kí wọ́n tó mú akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà dé àgọ́ ọlọ́pàá, ìyá rẹ̀ ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta. Ó we gèlè pẹlẹbẹ mọ́ orí tí oògùn jẹjẹrẹ ti tu irun rẹ̀ tán.

"Kí lẹ jà sí?" Ìyá Ìbéèrè bi ọmọ náà.

"Mo ní ká fi díẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì yẹn ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, mà. Wọn ò ṣe bíi sẹ́ẹ̀lì ọmú lójú mi. Ọ̀gá ní ṣé èmi ọmọ àná ni màá wá kọ́ àwọn níṣẹ́."

"Kí ló wá kàn ẹ́ níbẹ̀?"

Ọmọ náà nawọ́ síta. "Màmá mi ń bẹ níta yẹn. Oògùn tí wọ́n ṣe látinú iṣẹ́ ọ̀gá ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn. Ṣé kí n máa fura, kí n sì panu mọ́?"

"Ọ̀gá rẹ ní ibì kan ṣoṣo ni sẹ́ẹ̀lì náà wà."

"Díẹ̀ wà nínú fìríìsà ilé kejì tẹ́lẹ̀, mà. Ọ̀gá fúnra wọn ló ní kí n lọ kó o wá lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Ara Ìyá Ìbéèrè ò balẹ̀ mọ́. Àgbẹ̀ wo ló ń kó gbogbo irúgbìn rẹ̀ sínú abà kan, tí abà náà á wá jóná lọ́sẹ̀ kejì? Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde.

"Àwọn ẹgbàajì tó tọ́ka sí i yẹn, kí ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ tiwọn?"

Ọmọ náà gbójú sókè. "Sẹ́ẹ̀lì tí ọ̀gá fún wọn ni àwọn míì lò, mà. Wọ́n máa ń dúpẹ́ ẹ̀ nínú ìwé wọn."

Ìyá Ìbéèrè ti di fóònù mú kí ọmọ náà tó parí ọ̀rọ̀.

Nígbà tí èsì dé, ó gba ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ. Àmì ẹ̀yẹ ti gba ara ògiri tán.

"Ẹni tí inú ń bí á fọ́ ìgò, á bá tiẹ̀ lọ," ó wí. "Ẹni tó fi bílíìṣì fọ̀ ọ́ mọ́, àyẹ̀wò ló ń bà á lẹ́rù. Ẹ̀yin lẹ kó wọn jọ, ẹ̀yin náà lẹ dà wọ́n nù."

"Ẹ ṣọ́ra o. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ṣé ẹ mọ iye èèyàn tó ń tọ́ka sí mi?"

"Mo mọ̀, sà. Àwọn náà ló tọ́ka sí yín fún mi. Mẹ́ta nínú wọn ṣì ní sẹ́ẹ̀lì tí ẹ fún wọn, wọ́n sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Sẹ́ẹ̀lì eku ni, kì í ṣe ti ọmú èèyàn."

Ọ̀jọ̀gbọ́n rọra jókòó. "Mi ò mọ̀ níbẹ̀rẹ̀," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ìgbà tí mo fi mọ̀, gbogbo ayé ti ń yìn mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́?"

Wọ́n mú un lọ. Ìyá Ìbéèrè padà sí àgọ́, inú rẹ̀ ń dùn, ó sì lọ bá ìyá orí bẹ́ǹṣì. "Màmá, ẹ dìde. Ọmọ yín ò ṣe nǹkan kan. Òótọ́ ló sọ."

Ìyá náà dì mọ́ ọmọ rẹ̀, ó sunkún, ó dúpẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó nu ojú rẹ̀, ó yíjú padà sí Ìyá Ìbéèrè.

"Oògùn tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fún mi ńkọ́, ọmọ mi?"

 Ìyá Ìbéèrè jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.