Ẹni Tó Kan Ilẹ̀kùn ní Maasi

Ẹ lè pè mí ní òpùrọ́ tí mo bá parí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n parí ná. Mo ti pẹ́ ní Barstow, nínú aṣálẹ̀ California, mo sì mọ àwọn méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ṣojú wọn. Ọ̀kan kì í fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Èkejì kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu mọ́.

Verna Tidwell lorúkọ obìnrin náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa bá àwọn mẹ́ta tó wà ní Maasi, ayé pupa tó jìnnà réré sí tiwa yìí, sọ̀rọ̀, kí wọ́n má baà rò pé ilé ti gbàgbé àwọn. Àwo ńlá kan wà níta tó ga tó ilé alájà ogún. Òun ló ń gbé ohùn rẹ̀ lọ, òun ló sì ń gba tiwọn wá. Ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ni ohùn fi ń dé ọ̀hún, mẹ́tàlá ni èsì fi ń padà bọ̀. Tó o bá kí wọn káàárọ̀, wàá jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kó o tó gbọ́ pé wọ́n jí dáadáa. Kò sẹ́ni tó lè mú un yá.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà ń jẹ́ Hobart, èkejì ń jẹ́ Orrin. Àbúrò Verna kan ṣoṣo ni Orrin. Verna ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, kò sì sí ohun tó fẹ́ láyé yìí ju kí ọmọ náà padà wálé láàyè.

Lọ́sẹ̀ náà, ìjì eruku ń jà ní Maasi. Àṣẹ ti jáde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ilé wọn níbẹ̀ títí ìjì á fi rọlẹ̀, àfi tí Verna bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí wọ́n ṣí i. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kọ ránṣẹ́ lè dàrú nínú ìjì. Ohùn ẹni tó tọ́ni kì í ṣàjèjì síni.

Ọ̀sán gangan ni. Ẹ ṣáà mọ ohun táwọn àgbà ń sọ nípa ọ̀sán gangan. Oòrùn dúró sí àárín orí, ẹyẹ kan kò ké. Nínú yàrá, Dale Kessinger, ẹni tó ń darí àwo náà, ń pa ẹ̀pà jẹ. Gbogbo wọn ló máa ń jẹ ẹ̀pà níbi iṣẹ́ yẹn, wọ́n ní ó ń mú oríire wá.

"Ṣé o ò lè jẹun jẹ́jẹ́ ni?" Verna bi í.

"Tí ariwo mi bá ń dùn ọ́, lọ bá àbúrò rẹ ní Maasi. Ibẹ̀ dákẹ́."

"Ẹnu rẹ á jìyà lọ́jọ́ kan, Dale."

"Èmi ò kúkú ní àbúrò tó wáṣẹ́ fún mi."

Kí Verna tó fún un lésì, ohùn Orrin dé.

"Ẹ̀gbọ́n mi. Hobart wà níta. Ilẹ̀kùn ti tì mọ́ ọn."

Verna gbá máìkì mú. "Kí ló gbé e jáde nínú ìjì?"

"Wáyà kan ló já. Afẹ́fẹ́ tó kù fún un kò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ."

"Ìwọ ńkọ́? Ara rẹ le?"

"Ara mi le. Ṣé kí n ṣí i?"

"Ṣí i, Orrin. Ṣí i kíákíá!"

"Ẹ ṣeun," ni ohùn náà wí.

Dale kò pa ẹ̀pà mọ́.

"Verna," ó rọra pè é. "O béèrè, ó sì dáhùn."

"Ṣé kó má dáhùn ni?"

"Lójú ẹsẹ̀?"

Ìgbà náà ló yé Verna pé èsì Maasi kì í dé lójú ẹsẹ̀. Ọdún méjì ni òun àti Orrin fi ṣe ìdánrawò kí wọ́n tó lọ. Ilé kan tí wọ́n ṣe bíi ti Maasi wà lẹ́yìn òkè lọ́hùn-ún, níbi tí èsì ti ń já lu ìbéèrè. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti mọ́ ọn lẹ́nu, kò ro ti jíjìn Maasi rárá.

"Ibo làwo náà kọjú sí?"

"Maasi," Dale ní. "Kò yẹ̀ rárá."

Ìṣẹ́jú méjì kọjá. Ohùn Orrin tún dé, ó ń ha, bí ìjì ṣe máa ń mú kó ha.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Orrin ni o. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la wà nínú ilé, Hobart ń sùn. Ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn láti ìta. Jẹ́jẹ́ ló ń kàn án. A ò ní ṣí i o, àfi tá a bá gbọ́ ohùn yín."

Verna figbe ta sínú máìkì. "Má ṣí i! Orrin, má ṣí i! Kì í ṣe èmi!"

"Ẹyin lohùn," Dale ní. "Èyí tó o kọ́kọ́ sọ ti fi ìṣẹ́jú méjì ṣíwájú. Kò sóhun tó lè bá a lọ́nà."

"Pa ẹnu rẹ mọ́!"

"Ìwọ lo ṣílẹ̀kùn fún un, kì í ṣe èmi."

Wọ́n jókòó. Verna ń bẹ Ọlọ́run. Dale kò wo ojú rẹ̀. Nígbà tí àkókò pé, Orrin sọ̀rọ̀.

"A ti gbọ́ yín, ẹ̀gbọ́n mi. Hobart ti jí, ó ti lọ ṣí i."

Irin dún. Afẹ́fẹ́ fẹ́. Nígbà tó yá, Orrin bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

"Ẹ jókòó, ẹ jókòó. Báwo lẹ ṣe débí?"

Ìgbà náà ni igbe Verna dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, tó ń ké nínú ilé wọn pé kì í ṣe òun. Ẹ̀rín Orrin dá.

Obìnrin kan sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohùn Verna ni.

"Orrin, ta nìyẹn?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ọmọ náà ní. Ó wá súnmọ́ máìkì. "Ẹ̀gbọ́n mi ló jókòó tì mí yìí. Ìwọ tó ò ń fi ohùn wọn pariwo, ta ni ọ́?"

Verna la ẹnu láti dárúkọ ara rẹ̀. Dale na ọwọ́, ó yọ wáyà máìkì náà, ó sì ti àga rẹ̀ sẹ́yìn títí ó fi kan ògiri.

"Kọ́kọ́ dá èmi náà lóhùn ná: ta ni ọ́?" ó wí.