Orí Olójú Mẹ́ta Lórí Òkè Dassa

Orí náà jókòó sórí àpáta, ó ń wo Estelle. Ojú mẹ́ta ló ní. Méjì ti kú, ẹ̀kẹta ṣì ń tàn yanranyanran. Ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ wà ní ìsàlẹ̀ àgbọ̀n rẹ̀.

Estelle mọ̀ pé rọ́bà àti aṣọ lásán ni. Síbẹ̀, ẹ̀rù bà á. Òun ni ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nílùú Dassa, ó ti rí òkú rí, ṣùgbọ́n èyí yàtọ̀. Roméo, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, ló máa ń wọ orí náà. Láti ọ̀sán àná, kò sẹ́ni tó rí Roméo mọ́.

"Iṣu mi tí mo sá ni mo wá wò," Màmá Antoinette wí. Apẹ̀rẹ̀ iṣu tó fẹ́ fi kún un wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Orí àpáta yìí ló máa ń sá iṣu èlùbọ́ rẹ̀ sí lọ́dọọdún. "Ni mo bá rí i tó ń wò mí. Mo sọ fún wọn! Mo ní kí wọ́n má gbé iwin àjèjì wá sórí òkè àwọn baba wa. Òkè ti mú ọmọ yẹn lọ."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Màmá," Estelle wí.

Bẹ́ẹ̀ fíìmù apanilẹ́rìn-ín ni Roméo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣe lórí òkè náà. Àgbẹ̀ Dassa kan ṣèèṣì bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú, ó balẹ̀ sójú ìràwọ̀ kan, ó sì fi iṣu sísun bá ẹ̀dá olójú mẹ́ta dọ́rẹ̀ẹ́. Àwọn àpáta Dassa ni wọ́n fi ṣe ìràwọ̀. Narcisse ló ń ṣe àgbẹ̀, Roméo ló ń ṣe olójú mẹ́ta. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fi díẹ̀ nínú rẹ̀ han ará ìlú. Gbogbo ìgbà tí olójú mẹ́ta bá ti yọjú, ńṣe ni àwọn ènìyàn ń di ara wọn mú, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn.

Lónìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Àwọn mẹ́ta ló kù sórí òkè pẹ̀lú Roméo lánàá. Estelle pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kọ́kọ́ pe Gilbert, olùdarí fíìmù náà, tó wá láti Cotonou.

"Wọ́n ní ẹ̀yin àti Roméo jà."

"A jà, Madame. Ó ní ooru inú aṣọ yẹn fẹ́ pa òun, òun fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo bú u. Ṣùgbọ́n láìsí olójú mẹ́ta, fíìmù wo ló kù?"

"Níbo lẹ wà nígbà tó pòórá?"

"Mo ń wá ibi tí réseau fóònù wà kí n lè pe Cotonou. Èmi nìkan ni."

Ṣẹ̀rífù, aránṣọ inú ọjà Dassa, ló rán aṣọ olójú mẹ́ta. Kò fẹ́ wo orí náà rárá.

"Ó fa aṣọ mi ya, Estelle. Mo lérí pé màá fọ́ ọ lẹ́nu. Wàláhì, ẹnu lásán ni! Mo sọ̀kalẹ̀ lọ mú abẹ́rẹ́ àti òwú. Nígbà tí mo padà dé, òkè ti dá wáí."

"Ṣé ó lè dá rìn lọ nínú aṣọ yẹn?"

"Kò lè ṣe é. Ẹni tó bá wọ orí yẹn, kì í rí iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Àfi kí wọ́n fà á lọ́wọ́."

Ó wá kan Narcisse. Fòfó Narcisse ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Oko iṣu baba rẹ̀ ní Akofodjoulè ló ti dàgbà, ó sì ti lé lógún ọdún tó ti ń pa Dassa lẹ́rìn-ín níbi àríyá gbogbo. Ẹkún ló ń sun.

"Roméo ní òun ń lọ, àbúrò mi. Ó gba ẹ̀yìn òkè lọ sí ọ̀nà Paouignan, kó lè rí bọ́ọ̀sì wọ̀. Aṣọ náà ṣì wà lára rẹ̀."

"Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára orí yìí ń kọ́?"

"N ò mọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí."

Ẹ̀rù ń ba Estelle jù ú lọ. Bí Roméo bá ṣubú síbìkan nínú aṣọ tó nípọn yẹn, oòrùn ọ̀sán òní lè pa á.

Ó gba ẹ̀yìn òkè. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń súfèé láàárín àwọn àpáta, gbogbo ìgbà tó bá súfèé ni Estelle ń bojú wẹ̀yìn. Lábẹ́ òkúta ńlá kan tí oòrùn kì í dé, ó bá iṣu gígé tí wọ́n tò sílẹ̀. Wọ́n tò ó dáadáa, ẹyọ kan kò gun èkejì.

Ilé tí wọ́n ti ń ṣe èlùbọ́ ni wọ́n ti tọ́ òun náà. Ta ló ń sá iṣu síbòòji? Ó sáré padà lọ bi Màmá Antoinette ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Èmi? Kó lè bu mọ́ mi lọ́wọ́?" ìyá náà wí. "Ẹ wo tèmi níbí, wọ́n ti bù nínú rẹ̀."

Ohun kan wà lábẹ́ iṣu yẹn tí ẹnìkan kò fẹ́ kí wọ́n rí. Ó fi ẹ̀rù rẹ̀ pamọ́ kí ẹni náà má baà sá lọ, ó gbé apẹ̀rẹ̀ Màmá wá síwájú àwọn ọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá ìyá àgbà sá èyí ká tó máa lọ."

Gilbert da tirẹ̀ jọ gegele bí ẹni da yanrìn. Ṣẹ̀rífù fọ́n tirẹ̀ bí ẹni ń bọ́ adìẹ. Narcisse bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń dá ṣiṣẹ́. Ẹyọ kan, ẹyọ kan, wọn ò gun ara wọn.

"Fòfó Narcisse," Estelle wí, "níbo ni àbúrò mi wà?"

Ọwọ́ Narcisse dúró sórí iṣu.

"Ẹnìkan fi iṣu Màmá bo nǹkan mọ́lẹ̀ lẹ́yìn òkè. Màmá ò jẹ́ sá iṣu síbòòji láéláé. Gilbert ì bá dà á jọ, Ṣẹ̀rífù ì bá fọ́n ọn. Ọmọ oko iṣu ló tò ó. Ìkánjú mú kó gbàgbé oòrùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ pé Roméo dá lọ. Ẹni tí kò ríran, báwo ló ṣe dá gba ẹ̀yìn òkè?"

Narcisse fi ìdí jókòó.

"Èmi ni mo fà á lọ. Mo ní Gilbert fẹ́ ká tún eré náà ṣe lọ́hùn-ún. Mo fà á dé etí ihò àpáta, mo sì tì í. Ó forí gbá òkúta, ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀, ó sì jìn sínú ihò. Orí rọ́bà yẹn bọ́, ó yí gbirigbiri sọ̀kalẹ̀, n ò rí i mọ́."

"Kí ló ṣe yín?"

"Ẹ̀rín ni. Láti kékeré ni mo ti ń pa ìlú yìí lẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀, kò sẹ́ni tó mira. Òun kàn gbé ẹsẹ̀ lásán, gbogbo wọn dojú bolẹ̀ fún ẹ̀rín. Ìyá tó bí mi ní, 'Narcisse, olójú mẹ́ta yẹn mà dára o.'"

"Ẹni tí wọ́n ní kó kín ni lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́," Màmá Antoinette wí.

Wọ́n gbá iṣu kúrò. Ẹ̀jẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, ihò dúdú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí òjìji òkúta ńlá náà bò mọ́lẹ̀. Estelle dọ̀bálẹ̀ sétí ihò náà.

"Roméo!"

Ó tún pè é. Nígbà náà ni nǹkan mí nísàlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n?"

Okùn ni wọ́n fi fà á jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ṣẹ́, ètè rẹ̀ ti là. Kò tilẹ̀ tíì gba omi tó fi sọ̀rọ̀.

"Fòfó Narcisse ń kọ́? Ilẹ̀ ló yọ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo gbọ́ tó ń sunkún lókè. Mo ń kígbe sí i pé kó má bọ̀ wá gbé mi o, kó má baà já bọ́ bíi tèmi. Ṣé ó délé láyọ̀?"

Narcisse dúró lẹ́yìn Estelle, ọlọ́pàá méjì tó bá a wá dì í mú. Roméo rí i. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí i pé kó wá fa òun dìde.