Mùílì Sá fún Àna Rẹ̀ Dé Ògbómọ̀ṣọ́

"Àkànní, ẹ jíire bí? Olúwa á jẹ́ kí iṣẹ́ òòjọ́ yín ó tura. Ògì rèé, ó ń gbóná."

Lórí ìkúnlẹ̀ ni Ràmọ́tà ti ń kí ọkọ rẹ̀ báyìí láràárọ̀. Iṣẹ́ igbá fínfín ni Mùílì, ọkọ rẹ̀, ń ṣe lẹ́bàá Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́.

Mùílì kò nawọ́ gba ògì. "Jẹ́ kí n lo oògùn mi ná."

Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró rẹ ni oògùn ọ̀hún. Ìmàle tó ń kírun márùn-ún ni Mùílì. Bí ẹ bá gbé bíà síwájú rẹ̀, "Aúsùbillàhi!" ni yóò ké. Ṣùgbọ́n àgbo kẹ̀? Oògùn ni. Ife kan ti di mẹ́rin, mẹ́rin ti di odidi ìgò. Bí kò bá sì tíì mu ún, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, ọ̀bẹ á yẹ̀, igbá á bàjẹ́.

"Jẹ̀dí wo ni kì í san láti ọdún mẹ́ta?" Ràmọ́tà bi í. "Ọkọ mi, ọtí ni. Ọwọ́ tí ẹ fi ń bọ́ wa ló fẹ́ gbà yìí. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé ìwòsàn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mò ń pe ẹ̀gbọ́n mi."

Saifudeen, ẹ̀gbọ́n Ràmọ́tà, ń ta pákó ládùúgbò kejì. Òun ló fa ìyàwó lé Mùílì lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í ju ẹyọ kan lọ.

"Máà pè é o! Mo ti wọ bàtà."

Nílé ìwòsàn, Nọ́ọ̀sì Adéjọkẹ́ gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀, kò fi ṣẹ̀sín. "Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ẹni ẹ̀gún gún ní í ṣe lákáǹláká tọ alábẹ. Àìsàn ni èyí, ó sì ní ìtọ́jú."

"Ṣé kí n kúkú fi í sílẹ̀ lónìí?"

"Rárá o! Ẹni tó ti mọ́ lára, bó bá dá a dúró lójijì, gìrì lè gbé e, ó sì lè pa á. Dókítà ni yóò sọ bí ẹ ó ṣe fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ó wá ẹgbẹ́."

"Ẹgbẹ́ kẹ̀? Ẹgbẹ́ ẹlẹ́mu?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Ẹgbẹ́ àwọn tó ń jáwọ́ nínú ọtí ni, Bàbá. Wọ́n ń sọ bó ṣe ń ṣe wọ́n, wọ́n ń di ara wọn mú. Ọ̀fẹ́ ni. Ohun tí ẹ bá sọ níbẹ̀, ibẹ̀ náà ló ń kú sí. Ọ̀kan ń pàdé lẹ́yìn ilé ìwòsàn yìí lọ́jọ́ Àlàmísì. Òmíràn wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sàn-án Sátidé."

"Ti Ògbómọ̀ṣọ́ ni kí ẹ kọ fún mi! Níbí kẹ̀? Kí àna mi lè gbọ́?"

Dókítà dá a dúró fún ọjọ́ mẹ́fà, ó ń fún un lóògùn títí ara rẹ̀ fi balẹ̀. Nígbà tí Sátidé kò, Mùílì wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété.

Yàrá kan tí ìjọ Onítẹ̀bọmi yá wọn ni wọ́n ti ń pàdé. Mùílì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ wọlé, bàbá," ni Màmá Títílọlá, olórí wọn, wí. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọdún kọkànlá rèé tó ti fi ọtí sílẹ̀. "Kò sẹ́ni tó fẹ́ yí yín lẹ́sìn padà. Mùsùlùmí pọ̀ nínú wa."

Mùílì fa fìlà bojú, ó jókòó sí kọ̀rọ̀. Kò pẹ́, ilẹ̀kùn ṣí.

"Ẹ má bínú o, mọ́tò ló dá mi dúró."

Ohùn Saifudeen ni! Mùílì fò dìde. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, igbá ni mo wá rà!"

Saifudeen náà dúró gbagidi. "Igbá? Nínú yàrá yìí? Èmi náà sọ fún ìyàwó mi pé pákó ni mo wá wò."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Saifudeen jókòó tì í, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Oṣù keje tí mo ti ń wá rèé. Ìwọ gan-an ni mo ń sá fún, Mùílì. Mo ní bí o bá gbọ́, o ò tún ní í dọ̀bálẹ̀ kí mi mọ́."

Mùílì nà gbalaja sórí sìmẹ́ńtì, ó kí àna rẹ̀ bó ṣe yẹ.

"Ẹ dìde, bàbá," ni Màmá Títílọlá wí. "Tọkàntọkàn la fi gbà yín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí òùngbẹ ọtí bá gbé yín, ta ló máa ti ibí sáré dé Ọ̀yọ́? Ẹ lọ darapọ̀ mọ́ èyí tó wà lẹ́yìnkùlé yín."

Àlàmísì tó tẹ̀ lé e, àwọn àna méjèèjì jọ fẹsẹ̀ rìn lọ sí ti Ọ̀yọ́ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òórùn àgbo gbá Mùílì mú lójú ọ̀nà, itọ́ kún un lẹ́nu. Ó tẹ Saifudeen láago. Kò tíì kà dé ọgọ́rùn-ún lórí tẹ̀sùbáà rẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n fi dé, tòun ti ìyẹ̀fun pákó lórí fìlà.

"Ṣé ó ti lọ?"

"Ó kù díẹ̀."

"Yóò lọ. Mo jókòó."

Wọ́n jókòó títí ó fi lọ.

Ẹ̀yin ará wa, ọtí tí a pè ní àgbo, ọtí náà ni. Bí ọwọ́ yín tàbí ti ẹni yín bá ń gbọ̀n títí dìgbà tó bá mu ún, ẹ má fi lílù tàbí ẹ̀sín wò ó sàn, ẹ má sì dá a dúró lójijì. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà lọ. Ẹ bi wọ́n níbẹ̀ pé, "Ẹgbẹ́ wo ló wà nítòsí?" Bó bá ṣeé ṣe, ẹ bá a lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bó bá sì tún mu ún, kó padà lọ; ẹni tó ṣubú ṣì lè dìde. A kì í fi ìtìjú kárùn. Ẹni tí ẹ ń sá fún lè jẹ́ ẹni tí Ọlọ́run ti pèsè láti jókòó tì yín.